Ìyókù Ìtàn Màámi

Èmi gan-an ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì fi iyọ̀ kún un. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹni tó bá fẹ́ lè wá wọn lọ sí Bàrígà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà mí gbọ́. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Orúkọ mi ni Ìtùnú Ikúmápàyí. Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Ṣómólú ni mò ń gbé báyìí. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń to ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbé e fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́wọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń kọ ìtàn abàmì, màá sì gbé e sójú ìwé mi lórí ayélujára. Nǹkan bí ogójì èèyàn ló máa ń kà á. Mo mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lórúkọ.

Saheed ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi. Onígbàjámọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ladi-Lak.

“Àǹtí, mo ń ka ìtàn yín,” ló kọ. “Ẹ̀rù ń bà mí dáadáa. Èmi náà máa ń kọ irú ẹ̀.”

Òun ló mú mi mọ Waliyat, tó ń ta fóònù àti ẹ̀yà ara fóònù ní Fádèyí. Saheed náà ló mú mi mọ Tíṣà Adébọ̀dé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kọ ìtàn tó ń bani lẹ́rù, kò sì sẹ́ni tó ń bá wa polówó rẹ̀. Saheed wá kó wa jọ sórí Wásáàpù.

“Tá a bá ní ká dúró de àwọn ẹni ńlá, a máa pẹ́ níbẹ̀,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká máa polówó ara wa.”

Bá a ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé ẹnì kan ló máa ni Sátidé kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta yòókù á gbé ìtàn ẹni náà sójú ìwé tiwọn, wọ́n á fi ohùn ka díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì rán an sáwọn èèyàn wọn. Ó ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń ka tèmi ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ogún ọdún ni Tíṣà ti ń kọ ìtàn sínú ìwé eléépo líle láìsẹ́ni tó rí i. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan kọ̀wé sí wọn láti Abẹ́òkúta pé òun ka ìtàn wọn fún ìyá òun tí kò ríran mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà ka lẹ́tà yẹn sí wa létí.

Nígbà tó tún kàn mí, n kò ní ìtàn tuntun. Mo wá kọ èyí tí Màámi máa ń sọ fún mi.

Obìnrin kan wà létí òkun. Ọkọ rẹ̀ lọ pẹja, kò padà. Wọ́n ní tó bá lè ka ìgbì láìṣì í kà, ọkọ rẹ̀ á dé. Ó jókòó sí èbúté, ó ń kà. Ojoojúmọ́ lẹnì kan máa ń wá kí i, iye tó ti kà á sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ọjọ́ kan wá dé tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ó kà, ó kà, títí ohùn kan fi bi í látinú omi pé, “Mélòó lo kà dé?”

Ibẹ̀ ni Màámi máa ń dúró. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á máa fi èékánná kan igi bẹ́ẹ̀dì fún ìgbì kọ̀ọ̀kan. Tọ́. Tọ́. Tọ́. Bó bá ti dórí ìbéèrè yẹn, èékánná á dákẹ́. “Ó tó. Sùn.” Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní ó di ọ̀la. Wọ́n ṣaláìsí lọ́dún tí mo pé ọmọ ogún ọdún, wọn ò sì sọ ìyókù. Mo kọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, mo sì dúró níbi tí wọ́n máa ń dúró sí. N kò kọ ohunkóhun nípa èékánná.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Waliyat fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

“Àǹtí Ìtùnú, ọ̀rẹ́ yín ka ìtàn yín. Ó dùn gan-an. Ta ni wọ́n?”

Ojú ìwé ẹnì kan tó ń jẹ́ Níní ni. N kò mọ Níní kankan. Kò sí àwòrán èèyàn níbẹ̀, àwòrán omi ni, omi tó rí bí eérú, tí kò ní etí. Ohun kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé náà, ohùn ẹnì kan tó ń ka ìtàn mi.

Mo ki ohun ìgbọ́hùn bọ etí lẹ́nu iṣẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni. Ohùn obìnrin ni, kò jọ ti ọmọdé, kò jọ ti àgbà. Kò kánjú. Ó ń kà á bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tó dórí ibi tí obìnrin náà jókòó sí, mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

Tọ́. Tọ́. Tọ́.

Iná lọ. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ṣọ́ọ̀bù wa títí dé ìparí àdúgbò. Ṣómólú kò parọ́rọ́ báyẹn rí. Ohùn náà kà á dórí ìbéèrè omi pé, “Mélòó lo kà dé?” Mo dúró kó parí. Kò parí. Ó mí sínú, ó sì ń bá a lọ.

Mo já ohun ìgbọ́hùn náà kúrò létí. Láti kékeré ni mo ti ń wá ìyókù yẹn, nígbà tó dé, n kò lè dúró gbọ́ ọ.

Mo bi àwọn yòókù níbi tí Níní ti rí ìyókù.

“Ìyókù wo?” ni Saheed kọ. “Ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí ló parí ẹ̀ sí.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, Àǹtí,” ni Waliyat kọ.

Mo wo fóònù mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ló wà níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí Níní: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?” Ó rí i. Kò dáhùn.

Tíṣà ló ní ká pàdé. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Saheed ní Ladi-Lak. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fojú kan ara wa pọ̀. Kò ṣe mí bíi pé wọ́n jẹ́ àlejò, torí mo ti mọ ohùn wọn. Saheed ti ilẹ̀kùn, ó pa fáànù. Waliyat gbé fóònù tiẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo páúdà.

“Tèmi la máa lò,” ló wí, “kó lè dá wa lójú.”

A gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dórí ìbéèrè yẹn, Waliyat nawọ́ sí fóònù náà.

“Ó ti parí.”

“Ó ṣì ń sọ̀rọ̀,” ni mo wí.

Wọ́n wò mí. Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà mọ́lẹ̀. Ohùn náà kò rẹlẹ̀.

“Ìtùnú, kí ló ń sọ?”

“Obìnrin yẹn ló ń dáhùn, sà. Ó ń dá omi lóhùn.”

“Máa sọ ọ́ síta. Waliyat, máa kọ ọ́.”

Mo dijú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ara mi fúyẹ́. Ó dà bíi pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì Màámi, mò ń gbóòórùn èéfín ẹja lára aṣọ wọn. Ahọ́n mi ń lọ, èmi kọ́ ló ń gbé e. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ kó tán.

Nígbà tí mo la ojú, oòrùn tó wà lára ògiri ti sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀. Saheed ń sunkún, kò sì nu ojú. Tíṣà ti ṣí fìlà.

“Ṣé ó ti parí?” mo bi wọ́n.

“Ó ti parí, Àǹtí,” ni Waliyat wí.

“Kà á fún mi.”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

“N kò rántí ìkankan níbẹ̀.”

Ó kà á. Mo gbọ́ ọ títí dórí ìbéèrè yẹn. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ ń mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá níta. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ohùn Waliyat nìkan ni n kò gbọ́. Mo gba fóònù náà. Funfun báláú ló wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn.

“Ibo ló wà?”

Saheed fi ìka lé ibi tó funfun náà. “Òun nìyí, Àǹtí.” Ó ń gbé ìka rẹ̀ lọ láti ìlà kan sí ìkejì. “Òun nìyí. Òun náà tún nìyí.”

Tíṣà mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé lójú mi. Bírò ń lọ. Ohunkóhun kò dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Saheed bi mí bóyá ká gbé e síta pẹ̀lú ìparí rẹ̀. Mo ní ká gbé e. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò lè purọ́. Mo rò pé bí èèyàn púpọ̀ bá kà á, ẹnì kan nínú wọn á rí ọ̀nà tó máa gbà sọ ọ́ tí màá fi gbọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta polówó rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe polówó ìtàn kankan rí lọ. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, ó ti dé Ìbàdàn, ó ti dé ìlú òyìnbó. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń kọ̀wé sí mi nípa ìparí náà. Mo bẹ àwọn kan pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ọ́ fún mi. Orúkọ wọn ń wọlé, àyè funfun ń tẹ̀ lé e. Obìnrin kan pè mí. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́?” Mo ní mo gbọ́.

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ. “Mo ṣì ń kà.” Mo rò pé ìtàn ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ìtàn náà kò gùn. Kò sẹ́ni tí kò ní kà á tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Saheed kò gbé fóònù. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó kọjú sí ògiri. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

“Saheed. Kí lò ń ṣe?”

Ó ta gìrì. Ó wò mí bíi pé mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ti dà á rú mọ́ mi lójú, Àǹtí,” ló wí. Kò bínú. Ó kọjú sí ògiri padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ìlàjẹ. Ìyá Abíọ́lá àti Màámi jọ yan ẹja pọ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo bá wọn nídìí ààrò létí omi. Wọ́n ní kí n jókòó.

“Ṣé Màámi sọ ìparí ìtàn obìnrin tó ń ka ìgbì fún yín rí?” mo bi wọ́n.

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹja.

“Ta ló sọ ìtàn yẹn fún ọ?”

“Màámi ni.”

“Rárá,” ni wọ́n wí. “Ìwọ lo sọ ọ́ fún un.”

“Èmi kẹ̀?” ni mo wí.

“O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ò tíì já gaara lẹ́nu ẹ. Ibà mú ẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o dìde jókòó, o ń sọ ọ́ bí àgbàlagbà. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tó dórí ibì kan, ìyá ẹ fọwọ́ bò ẹ́ lẹ́nu. Àtìgbà yẹn ló ti ń sọ ọ́ fún ẹ fúnra ẹ̀, kó má bàa jẹ́ ìwọ lo máa sọ ọ́.”

“Kí ló dé tí wọ́n fi bò mí lẹ́nu?”

“Kò sọ fún mi. Èmi náà ò bi í.”

Wọ́n wojú mi títí.

“Ìtùnú. Ṣé o ti sọ ọ́ tán?”

“Mo ti sọ ọ́, Mà.”

“Àwọn èèyàn gbọ́ ọ?”

“Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n pọ̀.”

Ìyá Abíọ́lá ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi méjì ń kọjá lọ, omi náà kò sì mì rárá. Ó tẹ́jú láti ẹsẹ̀ wa títí dé ibi tí ojú lè rí, bí omi tó wà lójú ìwé Níní.

“Abíọ́lá,” wọ́n pe ọmọ wọn, jẹ́ẹ́jẹ́. “Kó àwọn ọmọ wọlé.”

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé kejì pẹ̀lú, àti tẹ̀kẹta. Ó ku èmi nìkan nídìí ààrò. Ẹja ń jóná lórí wáyà. Mo rí i pé ó ń jóná. N kò yí i.

Oòrùn ṣì ń ràn.