Ẹ̀dà Tí A Kò Kà Padà

"Ó ti parí!" Alátajà náà nawọ́ sí àmì àwọ̀ ewé tó yọ lójú kọ̀ǹpútà. "Àbúrò mi, ṣé o rí i? Ìṣẹ́jú méjì péré."

Oníbéèrè rí i, àmọ́ ara rẹ̀ fu. Oníbéèrè ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í tọpinpin. Ìyá rẹ̀ ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn, tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Háádì dísíìkì inú rẹ̀ ti ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí eku nínú àpótí. Bó bá kú, ó kó máàkì ọdún mẹ́wàá lọ nìyẹn, títí kan ti irinwó ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde, ti Oníbéèrè náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ da máàkì náà kọ sórí téèpù, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwia méjì ló wà tó lè ṣe é: ọ̀kan jẹ́ ọ̀fẹ́, kò lẹ́wà, kì í sì í yé ráhùn bí nǹkan kan ò bá pé; èkejì ni ti alátajà yìí. Ìyá ti ní kí ọmọ òun dán méjèèjì wò, kó mú ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, máàkì ọdún mẹ́wàá, ní ìṣẹ́jú méjì? Wákàtí kan gbáko ni tọ̀hún lò o."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yọ íápíìsì tuntun kan jáde, irú èyí tí kò ní wáyà. "Gba èyí. Ṣáà sọ fún màmá ẹ pé tèmi ló dáa. Kí wọ́n má gbọ́ nípa íápíìsì yìí o."

Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ń wu Oníbéèrè. Ó gbà á.

"Màámi, ti bọ̀ọ̀dá yẹn ló dáa jù," ló sọ nírọ̀lẹ́. Ìyá gbà á gbọ́ láìbi í léèrè ohunkóhun, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún. Ó ki íápíìsì bọ etí, orin ò dùn. Bí ọjà bá dáa, kí ló ń fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, ìyá gbà pé ẹ̀dà ti wà lórí téèpù, ó sì ti fẹ́ tú háádì dísíìkì náà kúrò nígbà tí ọmọ sáré wọlé. "Màámi, ẹ dúró ná!" Ó yọ téèpù kúrò nínú ẹ̀rọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó wá tan sọ́fítíwia alátajà. Ìṣẹ́jú méjì, àmì àwọ̀ ewé yọ: Ó ti parí.

Ìyá wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo téèpù. "Orí kí ló wá kọ ọ́ sí?"

Oníbéèrè tan sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ló pariwo pé kò sí téèpù.

"Aráhùn yìí mà ni olóòótọ́!" ni ìyá wí.

Omi ti lé sójú ọmọ náà. Ó gbé íápíìsì sórí tábìlì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"O fẹ́ fi ìwé ọmọ irinwó ra orin," ni ìyá wí jẹ́ẹ́. "Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Wàá dá nǹkan olóhun padà. Gbogbo ohun tí a bá kọ sórí téèpù, ìwọ lo máa kà á padà, wàá fi wé ti inú háádì dísíìkì."

Wọ́n fi sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ da máàkì kọ sórí téèpù. Ọjọ́ mẹ́ta ni Oníbéèrè fi jókòó ka ohun tó wà lórí téèpù lẹ́yìn ilé-ìwé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ọjọ́ kẹrin, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ náà dákẹ́: háádì dísíìkì ti kú. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ ló pé, Màámi. Mo kà á."

Ìfura loògùn àgbà, ọmọdé náà sì lè lò ó, bí kò bá ti gba owó ẹ̀yìn kó fi dijú. Ohun tí a kò bá tíì kà padà, a ò tíì fi pamọ́.