Sípíkà Tó Ti Ní Àlejò Tẹ́lẹ̀

Káfíńtà kò tíì yọ fóònù rẹ̀ lápò tí iná ara sípíkà búlútúùtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fi dúró ṣinṣin. Ẹni tó tà á fún un ti ṣàlàyé fún un: bí iná bá ń ṣẹ́jú, fóònù ló ń wá; bó bá dúró, ó ti rí ọ̀kan, kò sì ní gba òmíràn mọ́ra. Ta wá ni èyí rí? Ó yẹ wáyà tó so ó mọ́ iná mànàmáná wò, kò rí àléébù kankan.

"Àlòkù ni, àbí?" ìyàwó rẹ̀ bi í láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ̀yin àti ọjà owó pọ́ọ́kú!"

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe rà á. Kí o máa rí orin gbádùn bí o bá ń ránṣọ."

Obìnrin náà kì í dákẹ́ orin. Ohùn rẹ̀ ló mú kí káfíńtà fẹ́ ẹ, Ẹyẹ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé tó gbọ́ orin yẹn, àárẹ̀ á tán lára rẹ̀.

Sípíkà mí kanlẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Ohùn obìnrin ni, ó ń dún jẹ́jẹ́.

"Èmi ni o," Ẹyẹ dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"A kì í dá ẹni tí a ò rí lóhùn," ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fa wáyà yọ.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti darí dé, wáyà á ti padà sí àyè rẹ̀. Ẹyẹ á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti sípíkà, òun àti àjèjì náà á máa sọ̀rọ̀. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ láìrán. Orin rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́.

"Ó ní ibẹ̀ ṣókùnkùn," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ó ní kí n kọ́ òun ní àwọn orin mi."

Káfíńtà sáré padà lọ bá ẹni tó ta ọjà fún un.

"Ọkùnrin kan ló gbé e wá, kò tiẹ̀ bá mi dúnàá dúrà," ọlọ́jà náà ní. "Tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná á fi kú. Ẹni yòówù tó bá wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, tiẹ̀ ti parí."

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbọ́wọ́ lé itan. Kò kí i káàbọ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Káfíńtà ò béèrè ohunkóhun. Aya rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ àjèjì yẹn, kò sì fẹ́ fi falẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ohùn tó mọ̀ bú jáde láti inú sípíkà.

"Ọkọ mi! Ẹ yọwọ́ o, èmi ni! Ó ti gba ara mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ..."

Ó yọwọ́, ṣùgbọ́n iná ti kú.

Ó pe Ẹyẹ títí, ó kúnlẹ̀ ti sípíkà, omijé ń dà lójú rẹ̀. Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ dìde, ó wá fi ọwọ́ Ẹyẹ nu omijé náà fún un.

"Ẹ má sunkún mọ́," ló sọ jẹ́jẹ́. "Mo ti mọ gbogbo orin rẹ̀."