Kí Ló Lé Pẹ́pẹ́yẹ Kúrò Lórí Ẹyin?

"Neuf, dix, onze..."

Ràdíyàtù gbọ́ ohùn Bintou, aládùúgbò wọn, lẹ́yìnkùlé, tó ń fi èdè Faransé ka ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, inú bí i. Láti àárọ̀ ni kò ti lè jókòó sójú kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ sàba fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì dìde kúrò lórí ẹyin. Kò pa ọmọ kan ṣoṣo. Òun alára sì rèé, oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ta ni ẹ̀rù kò ní bà?

"Bintou! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kúkú ni ìyá rẹ. Ṣé kò sọ fún ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ojú rẹ ló ń lé e!"

"Tantie, pardon. Ní laboratoire wa, níbi tí a ti ń ṣèwádìí, ẹyẹ etí lagune, etí ọ̀sà yìí, la máa ń kà. Àwọn náà ń fi ẹyin sílẹ̀ báyìí. Kí lẹ fi ń bọ́ tiyín?"

"Ẹja wẹ́wẹ́ ẹnu gọ́tà yìí, níbi tó ti wọ ọ̀sà. Èmi náà ń dín in jẹ."

Bintou yíjú sí Sàlíhù, ọkọ Ràdíyàtù, alágbẹ̀dẹ wúrà ní àdúgbò Koumassi Remblais, tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Tonton, mercure, irin olómi tí ẹ fi ń ṣa ẹ̀rúnrún wúrà jọ, ibo lẹ máa ń da omi rẹ̀ sí?"

Sàlíhù wo ikùn ìyàwó rẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

"Gọ́tà náà ni."

"Kòkòrò inú ẹrẹ̀ á gbé e mì, ẹja á jẹ kòkòrò, ẹyẹ á jẹ ẹja. Kì í tètè jáde lára, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ó ń ba ọpọlọ ẹyẹ jẹ́. Kò ní lè sàba dáadáa mọ́, ọmọ tó bá sì pa kò ní lágbára. Bí ẹyẹ ṣe ń tán nìyẹn, doucement, díẹ̀díẹ̀."

"Bí mo bá dín ẹja náà gbẹ ńkọ́?"

"Iná kì í mú un kúrò, Tantie. Ó sì lè dé ọpọlọ ọmọ inú. Ẹ jẹ́ ká lọ sí hôpital, àyẹ̀wò ni yóò sọ bó ṣe rí."

Sàlíhù ti ń ti ṣọ́ọ̀bù. "Ràdíyà, jọ̀ọ́, wọ bàtà rẹ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi dà á."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má da mercure sí gọ́tà tàbí sínú ọ̀sà, ẹ má sì sun ún nílé. Ẹ dé e pinpin sínú ìgò, kí ẹ béèrè ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ibi tó yẹ kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má jẹ ẹja tàbí ẹyin ibi tí wọ́n ń dà á sí, ẹ má sì fi bọ́ ohun ọ̀sìn. Aláboyún, ẹ sọ ohun tí ẹ ń jẹ fún dókítà. Bí ẹyẹ bá sì kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ohun tó ń jẹ, kí ẹ béèrè ẹni tó da mercure sómi, kódà bí ìdáhùn bá wà nínú ilé yín.