Ta Ló Gbé Pátákó Àṣìṣe Tíṣà Nevena?

Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Pátákó àṣìṣe Tíṣà Nevena ti lọ.

Orí pátákó yẹn ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ táwọn ọmọ kíláàsì kejì ń ṣì kọ sí, pẹ̀lú èyí tó tọ̀nà níwájú rẹ̀. Òun nìkan ni ẹ̀rí tó ní pé òun ń ṣiṣẹ́. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Sófíà, olú ìlú, láàárọ̀ yìí. Bí wọn ò bá rí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Rumyana ọlọ́pàá gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Fọ́nrán òwú kan há sára ìṣó náà, pupa lọ́ mọ́ funfun.

Oṣù Ẹrẹ́nà la wà. Kò sọ́wọ́ tí kò so irú rẹ̀ lábúlé fún oríire, ẹnikẹ́ni kì í sì í tú tirẹ̀ àfi tó bá rí ẹyẹ àkọ̀, tó máa ń bá ìgbà ooru dé, tàbí igi tó tanná. Ìgbà yẹn ni wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀ka igi. Ti Nevena ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Gancho, ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́," ni Rumyana wí.

"Kí ni màá fi pátákó ṣe?" ni ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìwé fèsì. "Kí n fi dáná?"

"Ẹ lè fi dáná."

"Igi kún ẹ̀yìnkùlé." Ó ká apá aṣọ sókè. Òwú rẹ̀ wà digbí.

Rumyana yíjú sí ọ̀gá ilé ìwé. "Ọ̀gá Milka, wọ́n ní ẹ fẹ́ fi ọmọ àbúrò yín rọ́pò Nevena."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò fi pamọ́. Ṣé ìyẹn ló ní kí n máa jalè nílé ìwé ara mi? Ṣé orí mi dàrú ni?" Òun náà na ọwọ́. Òwú wà níbẹ̀.

Ó ku Tíṣà Spiridon tó ń kọ́ kíláàsì kìíní. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Òwú tiyín dà, Tíṣà?"

"Mo rí ẹyẹ àkọ̀ lánàá. Mo ti so ó mọ́ igi inú ọgbà."

Rumyana lọ sójú fèrèsé. "Igi kan ṣoṣo ló wà níta yìí, yìnyín nìkan ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹyẹ wo lẹ rí nínú òtútù yìí? Èyí tó wọ kóòtù?"

Gancho bú sẹ́rìn-ín. Spiridon ò rín.

"Pátákó náà wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi," ló sọ. "Mo wọlé nígbà tí Gancho ń dáná sítóòfù. Òwú mi kọ́ ìṣó, ó já."

"Kí ni mo fi ṣe yín?" ni Nevena bi í.

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Kò sí àṣìṣe kan lórí pátákó yẹn tí kì í ṣe èmi ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní kíláàsì kìíní lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá Milka gan-an, èmi ni mo kọ́ ọ níwèé."

Milka ń wo ilẹ̀.

Ọkọ̀ dúró níta. Rumyana ṣílẹ̀kùn. "Ẹ lọ gbé e wá, Tíṣà. Kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé e kọ́."

Àwọn alábẹ̀wò bá Spiridon lórí àga, pátákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Spiridon sọ̀ kalẹ̀. "Àṣìṣe ibẹ̀ ni tèmi," ló wí. "Àtúnṣe ni ti Tíṣà Nevena."