Díìsìkì Kìíní

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1987, Ẹnjiníà Bándélé dé láti Èkó sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Olúbọ̀dé ní Aké, ó há páálí kan mọ́ abíyá. Inú páálí náà ni káàdì tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sínú kọ̀ǹpútà kó lè yára sí i wà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà rẹ́. Bùsírátù ni ó tẹ bọ́tìnnì tó pa á rẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ Ọ̀gá Herbert Olúbọ̀dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí kọ̀ǹpútà mìíràn ní gbogbo àdúgbò náà nígbà yẹn. Àwọn ọmọdé a máa yọjú lójú fèrèsé láti wo lẹ́tà tó ń yọ lójú ẹ̀rọ. Ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, ètò ìsìn òkú àti lẹ́tà ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù ni ìtàn àwọn àgbà. A máa gbé rédíò onígbohùnsílẹ̀ rẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, Bùsírátù á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní òun yóò fi wọ́n ṣe ìwé.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì yìí ni ìyá tó bí bàbá Bùsírátù. Àsíátù ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Wásinmi ni gbogbo ayé ń pè é, torí láti Wásinmi ló ti ń gbé obì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń wọkọ̀, ó ki wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ èyí tó bímọ sí ìdí ojú irin, ó sọ èyí tó ṣubú láti inú ọkọ̀ tí kò dìde mọ́. Ó kọ orin tí wọ́n máa ń kọ bí ọkọ̀ bá pẹ́. Òun nìkan ló kù láyé nínú gbogbo wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, òun náà kú.

Ọ̀gá ti fi àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ta bàbá Bùsírátù, Alájì Ṣéhù, lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọn kò rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, Alájì sì ní kí wọ́n gba wáàsí lé ohùn ìyá lórí. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí. Ṣebí ọ̀rọ̀ ìyá ti wà nínú kọ̀ǹpútà? Wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbẹ, tuntun sì ń bọ̀ pẹ̀lú Ẹnjiníà. Alájì fẹ́ kí ìwé náà wà lọ́wọ́ àlejò níbi àdúà ogójì ọjọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Ẹnjiníà dé, Ọ̀gá pe Bùsírátù.

"Káàdì tí Ẹnjiníà ń mú bọ̀ kò lè ka ohun tó wà lórí díìsìkì ńlá inú ẹ̀rọ yìí," ni Ọ̀gá wí. "A ó fọ díìsìkì náà mọ́ ni, a ó sì tún gbé DOS sí i láti ìbẹ̀rẹ̀." DOS yìí ni ètò tí ẹ̀rọ fi ń jí, bí kò bá sí i, bí àpótí òfìfo ni ẹ̀rọ ṣe máa rí. "Nítorí náà, kó gbogbo iṣẹ́ wa sórí àwọn díìsìkì pẹlẹbẹ yìí. Kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ni mo fún ọ. Má fi ọ̀kan ṣe nǹkan mìíràn."

"Mo gbọ́, sà."

Ọ̀gá kò tíì rìn jìnnà tí Olújìmí fi sún mọ́ Bùsírátù. Òun àti Bùsírátù ni wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́.

"Hájíà, fún mi ní méjì níbẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ti rí eré tuntun. Ọkọ̀ òfuurufú ni, ó ń yìnbọn! Ó ń dúró dè mí níta. Á dà á kọ fún mi, á sì kó díìsìkì padà wá."

"Ọ̀gá ní mẹ́wàá."

"Ọ̀gá ní, Ọ̀gá ní! Àbí Ọ̀gá ló bí ẹ ni? Ìwé ìkésíni lásán-làsàn, ṣé ó lè kún díìsìkì mẹ́jọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwà ẹ yìí ni wọ́n ṣe ń pè ẹ́ ní Ìyá Ìjọ. Mùsùlùmí wo ló ń jẹ́ Ìyá Ìjọ?"

Bùsírátù kò fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ka méjì, ó nà án sí i.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ń béèrè díìsìkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó kọ nǹkan sórí èyíkéyìí, á kọ́kọ́ kìlọ̀ lójú rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá wà lórí díìsìkì yìí yóò parẹ́. Bùsírátù á tẹ bọ́tìnnì, iná pupa á máa ṣẹ́jú, díìsìkì á máa kùn bí agbọ́n. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ jáde: ọ̀rọ̀ Ìyá Wásinmi ló wà lórí díìsìkì kìíní. Ó ń bá a lọ títí ó fi kan ìkẹjọ. Nígbà tí ìkẹjọ kún, ẹ̀rọ ní kó mú ìkẹsàn-án wá.

"Jìmí! Lọ gba díìsìkì wá, jọ̀ọ́."

"Háà, ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí Kọ́bapẹ́. Ó di Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè kẹ̀! Sátidé ni Ẹnjiníà ń bọ̀!"

"Dákẹ́ ariwo. Tún fi ti àkọ́kọ́ sí i. Ṣebí ẹ̀rọ ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀?"

"Ó ń sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ á parẹ́."

"Kí ló sọ nígbà tó o fi ìkejì sí i? Ìkẹta ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìwọ náà, ẹ̀rù ẹ ti pọ̀ jù, bí Alájà tó ń gba iwájú ilé ọtí kọjá."

Òótọ́ ni, ìkìlọ̀ kan náà ló ń kọ láti àárọ̀. Bùsírátù ti díìsìkì kìíní padà sínú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa ṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ sì ní iṣẹ́ parí. Ó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ó fà á padà. Bí òun bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí òun sì rí i pé kò sí níbẹ̀, òun yóò ní láti sọ nípa díìsìkì méjì tí òun yọ fún Olújìmí.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó béèrè bóyá iṣẹ́ parí. Bùsírátù ní, "Ó parí, sà."

Bùsírátù kò sùn dáadáa lóru náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tètè dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú èrò pé òun yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe, bó bá tiẹ̀ jẹ́ owó ọwọ́ òun lòun máa fi wá díìsìkì. Ṣùgbọ́n NẸ́PÀ ti mú iná lọ, wọn kò sì dá a padà ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọ̀gá ń fọ eruku ara ẹ̀rọ, ó ń súfèé orin ìyìn. Bùsírátù lanu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ̀rọ̀. Ó pa á dé.

Ní Sátidé, bàbá rẹ̀ ti dé kí Ẹnjiníà tó dé. Alájì Ṣéhù wọ agbádá tó máa ń wọ lọ kí àna, ó gbé àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n wá fojú ara mi rí i bí ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣe máa jáde."

"Ẹ kú àbọ̀, Alájì. Lónìí, ẹ ó kà á."

Ẹnjiníà Bándélé tú ìdè ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fa káàdì àtijọ́ yọ, ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Ó fi díìsìkì DOS sí i, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ìbéèrè kan yọ lójú ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹ dúró ná," ó wí. "Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá dá káàdì àtijọ́ padà, gbogbo nǹkan yín ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí èyí, ó tán. Ṣé ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ síta? Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ló ṣe é. Alájì, mo ń sọ fún yín lójú gbogbo ènìyàn, ọmọ yín yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́, n kò rí irú rẹ̀."

Alájì gbé ojú sókè, eyín rẹ̀ funfun. "Alihamudulilahi! Ìyá rẹ̀ àgbà ló jọ. Èyí kò mọ irọ́ pa."

"Àbúrò, ó pé?" ni Ẹnjiníà bi í.

Bùsírátù yíjú padà. Ó wo Olújìmí. Olújìmí ń wo fáànù òkè. Ó wo bàbá rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ wo ni yóò já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò, tí yóò sì dójú ti bàbá rẹ̀ lórí àga tó jókòó sí? Bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Bóyá òótọ́ ni Jìmí sọ.

"Ó pé, sà."

"Ìwọ lo kó wọn. Wá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ," ni Ẹnjiníà wí.

Ó na ìka. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń kùn. Nígbà tó parí, Ẹnjiníà gbé DOS sí i, ẹ̀rọ náà sì jí, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, mú nọ́ńbà kìíní wá," ni Ẹnjiníà wí.

Bùsírátù fi í lé e lọ́wọ́. Ẹnjiníà tì í sínú ẹ̀rọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó yọ díìsìkì jáde, ó wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ó tún tì í padà.

"Èwo rèé? Kìíní ni mo ní kó o mú wá."

"Kìíní ni, sà."

"Ẹ̀rọ ní ìkẹsàn-án ni."

"Ṣé NẸ́PÀ tún ti mú un ni?" ni Alájì béèrè.

"Iná wà, Alájì," ni Ẹnjiníà dáhùn. Kò wo ojú rẹ̀.

Eékún Bùsírátù kan ilẹ̀. Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: díìsìkì méjì, eré, ìkìlọ̀ ojú ẹ̀rọ. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

"Nígbà tí Ẹnjiníà bi ọ́, ṣé o mọ̀ pé kò pé?"

"Mo fura, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀? Bí mo bá nà ọ́, ṣé ìnà náà kò ní tán ni?"

"Ẹ ti yìn mí, sà. Lójú bàbá mi."

Olújìmí wúkọ́. "Mo lè sáré lọ sí Kọ́bapẹ́ lọ gba díìsìkì yẹn, sà."

"Lọ gba kí ni?" ni Ẹnjiníà jágbe mọ́ ọn. "Kí ló wà lórí rẹ̀? Jókòó síbẹ̀!"

Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. "Kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílé, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká..." Ó rántí ohun tí òun ní kí wọ́n gbà lé e lórí. Ó fi agbádá bojú. Bùsírátù kò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún níbi òkú ìyá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló rí i.

Àwọn díìsìkì yòókù kò ní wàhálà. Àwọn ìwé ìkésíni padà wọlé, lẹ́tà ẹgbẹ́ padà wọlé, ètò ìsìn òkú àwọn ẹlòmíràn padà wọlé, kò sí lẹ́tà kan tó yingin.

Níbi àdúà ogójì ọjọ́, Alájì sọ fún àlejò pé ìwé kò tíì jáde. Ọ̀gá kò lé Bùsírátù, kò sì nà án. Ó mú un lọ sí Wásinmi ni, wọ́n ń ti agboolé bọ́ sí agboolé láti wá ẹni tó lè rántí. Bàbá arúgbó kan wà tó ti ṣiṣẹ́ ní ìdí ojú irin rí. Ó rántí fèrè ọkọ̀. Ó rántí òórùn obì. Kò rántí orúkọ obìnrin kankan. Bùsírátù náà jókòó láti kọ ohun tí òun rántí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ló tẹ ọ̀rọ̀ náà nígbà náà, etí rẹ̀ kò bá a dúró. Orúkọ kan àti ìdajì orin ló rí kọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹni tó bá jẹ́wọ́ kí ọ̀ràn tó bọ́ lọ́wọ́, ìbáwí ọjọ́ kan ni yóò jẹ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó bọ́ tán, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí Bùsírátù dákẹ́, ti ẹlòmíràn ló bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá yìn ọ́ fún ohun tí o kò ṣe, lójú ẹni yòówù kó jẹ́, kúnlẹ̀ kí o sọ pé o kò ṣe é.

Àwọn obìnrin tó bá Ìyá Wásinmi wọ ọkọ̀ ojú irin lé ní ogún. Orúkọ ẹnì kan ló kù.