Ẹ Bu Omi Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àpótí tó ń fọhùn wọ ààfin Badagry, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí òmìnira tó dé, kò sẹ́ni tó rántí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn apẹja fi àwọ̀n sílẹ̀ létí ọ̀sà. Àwọn ìyá oníyọ̀ àti àwọn tó ń ta epo àgbọn di gèlè, wọ́n tò síwájú ààfin bí ẹni wá wo ìyàwó tuntun. Àwọn ìjòyè wọ agbádá àlàárì tó ṣì ń rùn káfúrà, nítorí wọn kì í sábà gbé e jáde. Wáyà dúdú kan gba orí òpó igi wá láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí omi, ó wọ ihò ògiri, ó sì parí sí ara àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju àpótí ọṣẹ lọ.

Akínlóyè ló gbé e wá, aṣojú Kọ́ńpìnnì Ohùn Etíkun. Ó wọ kóòtù funfun, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀bùn la mú wá. Oṣù mẹ́fà gbáko, ẹnikẹ́ni nílùú yìí kò ní san kọ́bọ̀ lórí àpótí yìí."

"Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ńkọ́?" ìjòyè àgbà kan bi í.

Akínlóyè rẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa wá mi."

Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ jàre! Kí oṣù kẹta tó pé, wáyà ti dé abúlé Kankon, ó ti dé ti Imeke, ẹni tí kò bá sì ní àpótí nílé ń yọ́ lọ gbọ́ ti aládùúgbò.

Láàárín èrò ọjọ́ náà ni Dosi wà, ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, tó kàwé lọ́dọ̀ àwọn fadá ní Topo, erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà, níbi tí ilé wọn wà. Bàbá rẹ̀, Zinsu, dúró tì í, ó di ọwọ́ sẹ́yìn.

Zinsu ló ń túfọ̀ fún gbogbo àgbègbè yẹn. Bí ọmọ ẹnì kan bá kú sí ọ̀nà jíjìn, Zinsu ni wọn yóò ránṣẹ́ pè láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, iṣẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ ni. Kì í sọ ọ́ fún ẹni tó wà lórí ìdúró. Kì í sọ ọ́ fún ẹni tó dá wà. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, omi ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Yóò mu ún, yóò jókòó, yóò béèrè ara gbogbo ilé, títí obìnrin méjì láti ilé kejì yóò fi wọlé wá jókòó ti onítọ̀hún lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà náà ni yóò tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí yóò sì sọ ọ́. Bó bá sì ti sọ ọ́ tán, kò ní dìde títí onítọ̀hún yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán, kódà kó jẹ́ èpè ló ń ṣẹ́.

"Otọ́," Dosi ti bi í rí, nítorí báyẹn làwọn Ègùn ń pe bàbá, "kí ni omi wà fún? Ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ yín ni?"

"Kò gbẹ mí rí. Ẹni tó bá ń bu omi fún mi ti ń wo ojú mi. Ọkàn rẹ̀ á ti máa múra sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Kọ́ńpìnnì ń wá ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù láti máa sọ̀rọ̀ nínú àpótí, Dosi ni wọ́n sì mú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́.

"Ohùn rẹ ni, ìwọ lo ni ín," ni Zinsu wí. "Ṣùgbọ́n ṣèlérí kan fún mi. Má jẹ́ kí wọ́n fi túfọ̀."

"Mo ṣèlérí, Otọ́. Láéláé."

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù lọ sí iṣẹ́ náà ni Tọ̀yìbátù, opó kan tó ń ṣe epo àgbọn ní Imeke. Ìyá Dosi kú nígbà ìkúnlẹ̀, Tọ̀yìbátù ló sì fún un lọ́mú pẹ̀lú Síkírù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àwọn méjèèjì dàgbà bí ọmọ ìyá kan. Síkírù ti wà ní Èkó báyìí, ó ń kó ẹrù ní èbúté. Nítorí Dosi ni Tọ̀yìbátù ṣe gba àpótí. Bí Dosi bá ti ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Badagry," ìyá á dáhùn láti ìdí ìkòkò epo: "Káàsán, ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun?" Àwọn aládùúgbò a rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Síkírù, asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn o! Kò gbọ́ yín."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi á gbọ́ mi."

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Akínlóyè bẹ̀rẹ̀ sí gba ìkéde òkú. Kò wọ́n, ó sì yá. Kí ló dé tí ẹnì kan á fi máa dúró de Zinsu àti ọkọ̀ rẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹbí lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ti bàbá arúgbó kan ní Kankon ni Dosi kọ́kọ́ kà, ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó kú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn kì í ṣe títúfọ̀. Ó ka òmíràn, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Zinsu gbọ́, kò dá a lẹ́bi, àmọ́ kò bi í mọ́ bí iṣẹ́ ṣe rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Abọ́dúnrìn, ẹni tí òun àti Síkírù jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, ó sì wá tààrà sí ilé Kọ́ńpìnnì. Ẹrù ti já lu Síkírù láàárọ̀ àná. Wọ́n ti sin ín nírọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn dáwó jọ kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú àpótí, wọ́n rò pé ọlá làwọn ń bù fún un.

Dosi di ògiri mú. Yéè! Síkírù tí wọ́n jọ mu ọmú kan! Ṣùgbọ́n kò ráyè sunkún. Ó ní kí Abọ́dúnrìn wọ ọkọ̀ lọ sí Topo kíákíá, kó sọ fún bàbá òun, kí bàbá yá kẹ̀kẹ́ gùn lọ sí Imeke. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú Akínlóyè.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ìyá rẹ̀ ní àpótí nílé. Bàbá mi ń lọ síbẹ̀ báyìí."

Akínlóyè kò bínú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló dá a lóhùn.

"Dosi, dìde. Bí bàbá rẹ bá ń ṣáájú wa, kí làwọn èèyàn á máa wá ṣe níbí? Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló ni ìlú. Bí àwọn ọ̀gá mi ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Èkó nìyẹn. Agogo méjìlá ni. Bí o kò bá kà á, èmi á kà á."

Dosi mọ bí Akínlóyè ṣe ń kàwé, gbàgàgbàgà, bí ẹni ń polówó ẹja. Ó rò ó pé kàkà kí ìyá gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin yìí, ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó tún ṣírò ọ̀nà: bàbá á ti dé Imeke kó tó di agogo méjìlá, á ti sọ ọ́, àwọn obìnrin á ti di ìyá mú. Ó wá fi ìkéde náà sẹ́yìn gbogbo ìkéde yòókù. Ó ka ti kóòtù ìbílẹ̀, ó ka ti ọjà, ó ń fà á, ó ń fà á. Nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn láti kà mọ́, ó fi ohùn tó tutù jù lọ nínú ọ̀fun rẹ̀ ka orúkọ arákùnrin rẹ̀. Akínlóyè yí bọ́tìnnì, orin ìpolówó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó bá bàbá rẹ̀ ní èbúté Badagry. Zinsu jókòó sínú ọkọ̀, kò wò ó lójú.

"Otọ́, ṣé ẹ débẹ̀?"

"Mo ti débẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Mo ti béèrè omi. Ó ń bù ú lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, 'Ẹ dákẹ́, ọmọ mi ti dé.' Mo ní kó wá jókòó. Ó ní kí n jẹ́ kí o parí ná."

Dosi bo ẹnu.

"Mo nawọ́ sókè kí n fa wáyà yẹn já. Ọwọ́ mi ò tó o. Orí ìdúró ló wà nígbà tó gbọ́ ọ, Dosi, pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́. Ó gbójú sókè sí àpótí, ó ní, 'Dosi, tún un sọ.' Ó ní, 'Dosi, tún un sọ.' Nígbà tó wí i lẹ́ẹ̀kẹta, orin ọṣẹ lẹ ń kọ fún un."

Zinsu kò gégùn-ún fún ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Ó tu ọkọ̀ wálé, ó fi àjẹ̀ rẹ̀ há àjà, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é mọ́ títí ó fi kú.

Dosi fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin mìíràn ti jókòó síbẹ̀, àpótí kò sì dákẹ́ rárá. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe àdúà fún Síkírù, ó lọ sí Imeke. Tọ̀yìbátù jókòó sábẹ́ àpótí. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ìwọ lo sọ ọ́," ni ìyá wí. "Mo dá ọ lóhùn. Ṣé o gbọ́ mi?"

Kí ni kó sọ? Ì bá purọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Mi ò gbọ́ yín, ìyá mi."

Tọ̀yìbátù mi orí, bí ẹni pé ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Kò tún bá Dosi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ìgbà òjò ọdún kejì ló kú.

Kọ́ńpìnnì náà kò pẹ́ lórí oyè. Rédíò oníbátìrì dé, tí kò nílò wáyà, tí èèyàn lè gbé lọ sóko, gbogbo ènìyàn sì kẹ̀yìn sí Akínlóyè bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn sí Zinsu. Ewúrẹ́ ló ń fi ara ha òpó wáyà rẹ̀. Dosi gbọ́ pé ó ti ń tún aago ṣe lọ́nà Ọ̀jọ́, kò sì yọ̀ ọ́.

Dosi ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún báyìí, ní Topo náà. Rewájú, ọmọ tó gbẹ́yìn fún un, wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi sì ni Ìfẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń gbé fóònù sí i lójú kó rí i. Ìyá àgbà fẹ́ràn fóònù yẹn. "Èyí dáa," a máa wí, "èyí ń gbọ́ èsì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ó kíyè sí i pé àdúgbò dákẹ́. Àwọn tó ń kọjá ń wo fóònù, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń yára lọ. Ó dìde. Ìfẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹnì kan ti gbé àwòrán Rewájú síta lórí fóònù láti òwúrọ̀, pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó lábẹ́ rẹ̀, gbogbo Topo sì ti rí i tán.

"Ìyá àgbà," ni Ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Rewájú..."

"Dúró."

Ìfẹ́ di fóònù mọ́ àyà.

"Kì í ṣe báyẹn. Mo wà lórí ìdúró. Kọ́kọ́ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Béèrè omi lọ́wọ́ mi."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Béèrè omi."

"Ẹ... ẹ fún mi lómi."

Arúgbó náà wọlé, ó bu omi, ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀ kó tó dé. Ó wo ojú Ìfẹ́ títí tó fi mu ún tán. "Pe ìyàwó Láńre láti ilé kejì. Pe ìyá Láńre náà." Wọ́n wá, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò jókòó sí, òun ló fi hàn wọ́n, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó jókòó sáàárín wọn. Ó na ọwọ́ sí Ìfẹ́.

"Dì í mú. Ó yá, sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́ tán, má dìde."

Ìfẹ́ sọ ọ́.

Omi bọ́ lójú Dosi, ó ń ṣàn lọ sínú ìhunjọ ọrùn rẹ̀.

"Ìfẹ́," ó ní, "tún un sọ."

Ìfẹ́ di ọwọ́ ìyá àgbà mú gírígírí, ó sì tún un sọ.