Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Ẹrẹ̀

Ọjọ́ tí dókítà sọ fún Ìbídùn pé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ tán, pé àfi kí wọ́n fi onírin rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló kọ́kọ́ rí Àjíṣọlá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà ni. Ọkùnrin gíga kan, tó dé fìlà funfun, di irin méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ìrìn mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wí.

"Gbéra, jàre! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níṣojú ìyàwó oníyàwó ni?"

"Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, sà," ni Ìbídùn dá a lóhùn, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ẹsẹ̀ yìí ti gbọ́," ó ní. "Ẹ wò ó, ó ti ń lọ."

Ọmọ Èkìtì ni Ìbídùn, tíṣà tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Agége, tí ẹnikẹ́ni ò sì wá tọrọ rẹ̀ rí. Ìgbáròkó ni wọ́n pààrọ̀ fún Àjíṣọlá, ọmọ onílẹ̀ Agége, tí Catherine ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ Ìbídùn, wọ́n jọ ń lọ sọ́dọ̀ Màríàm, físíò tó ń kọ́ wọn ní ìrìn, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kérora lórí àtẹ̀gùn ni yóò ra ẹ̀pà. Kí oṣù méjì tó pé, ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá ti ẹ̀pà.

Ọjọ́ kan ni Fọlákẹ́, ọmọ Àjíṣọlá, wá mú bàbá rẹ̀ lọ sílé.

"Ẹ ò tíì mọ bàbá mi, mà," ó ń ṣàwàdà. "Ọjọ́ tí wọ́n lọ tọrọ màmá mi, òjò ń rọ̀. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí gbalaja! Wọn ò dìde títí bàbá màmá mi fi ní òun gbà."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn. Owú wọ̀ ọ́ lára bí otútù. Báwo lèèyàn ṣe ń bá òkú du ọkọ? Òkú kì í hanrun, kì í darúgbó, kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tí Àjíṣọlá lọ tọrọ Ìbídùn lọ́wọ́ Job, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó tẹrí ba lórí ọ̀pá rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Job wò ó títí. "Ṣé ọmọ onílẹ̀ ò lè dọ̀bálẹ̀ fún ará Èkìtì ni?"

Ìbídùn mọ̀ pé Màríàm ti kìlọ̀ fún Àjíṣọlá pé kò tíì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀. Gbólóhùn kan ì bá tó. Owú di ẹnu rẹ̀ pa.

Lójú ọ̀nà, Àjíṣọlá ní, "Tíṣà, o ò gbèjà mi."

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nítorí Catherine. Èmi ò rí ti orí kápẹ́ẹ̀tì pàápàá."

Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin kọjá, Àjíṣọlá ò wá sọ́dọ̀ Màríàm. Orúnkún tuntun ò dun Ìbídùn mọ́. Àyà ló ń dùn ún. Ó bi Màríàm léèrè bí ẹni tí kò kàn.

"Bàbá? Mọ́ńdè ni wọ́n ń wá báyìí, mà. Ìgbáròkó ti jinná dáadáa, wọ́n wá ní kí n kọ́ àwọn bí èèyàn ṣe ń dé ilẹ̀, tó sì ń dìde. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ wá nílẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ń jowú."

Ojú ti Ìbídùn. Ọjọ́ náà ló lọ jẹ́wọ́ fún Job pé òun mọ ìdí tí kò fi dọ̀bálẹ̀, òun sì dákẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí! O jẹ́ kí n la ẹnu burúkú sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lára?"

Ní Sátidé, Àjíṣọlá dé bá wọn nílé Job. Ó gbé ọ̀pá tì, ó di àga mú, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì na ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Ó tó! Àbúrò mi ti ṣàlàyé!" Job ń pariwo. "Mo ti gbà, ẹ dìde!"

"Ẹ ní sùúrù, àna mi," ó ní láti ilẹ̀. "Ìdìde gan-an ló le."

Ìbídùn ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wọn, ó dúró ní pálọ̀ Àjíṣọlá. Ìṣó kan wà lára ògiri, ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ ju ìyókù lọ.

"Níbo lẹ gbé e sí?"

"Kí ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé. Fọ́tò Catherine."

Àjíṣọlá wolẹ̀. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́."

Ìbídùn gba ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó fi wọ́ fọ́tò náà jáde. Ó fi etí ìró nu eruku ojú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi," ó ní, ó sì gbé e kọ́.